Ẹ Bi Dókítà: Wọ́n Ní Ìwádìí Ló Sọ Bẹ́ẹ̀, Ṣé Ìwádìí Mọ̀ Mí Rí Ni?

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń lọ síbi kan náà: dókítà sọ pé ìwádìí ti fi hàn, aláìsàn ní òun ò gbà. Èmi kì í ṣe dókítà ọkàn nìkan tàbí dókítà egungun nìkan, gbogbo ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé ni mò ń wò, ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, ìyá arúgbó, ọlọ́kadà tó ṣubú, torí náà ojoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń wá bá mi lórí àga. Mo mú márùn-ún nínú lẹ́tà yín, mo gé wọn kúrú díẹ̀.

*Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ara ọmọ mi gbóná fún ọjọ́ méjì, mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Dókítà kékeré kan báyìí gún un níka, ó ní kò sí ibà lára ẹ̀, òun ò ní fún un lóògùn ibà. Mo fìbínú kúrò níbẹ̀, mo lọ sí làábù kan lẹ́yìn ọjà, àwọn yẹn ní tífọ́ọ̀dì ni, 1/160. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Àbí ìyá ọmọ ò mọ ibà mọ́ ni? — Ìyá Ayọ̀, Ọ̀yọ́*

Ìyá Ayọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí ara ọmọ máa gbóná ní òru, kò sí ìyá tí àyà ẹ̀ ò ní já, mi ò lè bá yín wí. Ṣùgbọ́n dókítà kékeré yẹn ṣiṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ.

Láyé ìgbà kan, ara gbígbóná ni ibà, ibà ni Nivaquine, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀ (ẹ̀yin tẹ́ ẹ lò ó rí, ẹ ò ní gbàgbé bí ara ṣe ń yúnni mọ́jú). Nígbà tó yá, kòkòrò ibà bẹ̀rẹ̀ sí í borí òògùn yẹn, ìwádìí sì ń fi hàn lọ́tùn-ún lósì pé kò ṣiṣẹ́ tó mọ́, ni Nàìjíríà bá yí i padà ní 2005 sí àwọn òògùn alápapọ̀ tó ní artemisinin nínú, irú tí ẹ ń rà lónìí. Ní 2010, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, wá ní ká máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ná ká tó fún ẹnikẹ́ni lóògùn ibà, ọmọdé àtàgbà. Ìdí ẹ̀ ni pé tí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ara wọn ń gbóná wò, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní kòkòrò ibà kankan lára. Tí mo bá wá fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lóògùn ibà tí mo ní kó máa lọ sílé, ohun tó ń ṣe é gan-an, bóyá inú ẹ̀dọ̀fóró ló wà o, bóyá inú ìtọ̀ ló wà o, á máa gbilẹ̀ lọ́hùn-ún, èmi á sì rò pé mo ti tọ́jú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé nǹkan pẹlẹbẹ funfun tó lò yẹn, torí ó yẹ kí ìyá lè kà á fúnra ẹ̀. Ó gún ìka ọmọ, ó kán ẹ̀jẹ̀ bíńtín sí ihò kékeré kan, ó kán omi tó bá a wá sí ihò kejì, ó gbé e kalẹ̀, ó ń wo aago. Ẹ̀jẹ̀ yẹn á máa fà lọ lórí pépà bí omi ṣe ń gun etí aṣọ. Ilà kan gbọ́dọ̀ jáde níbi tí wọ́n kọ C sí, tí ìyẹn ò bá jáde, àyẹ̀wò yẹn ti bàjẹ́, ẹ ní kó ṣe òmíràn. Tí ilà kejì bá yọ níbi T, kódà kó rí fẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú aláǹtakùn, kòkòrò ibà ti fojú hàn nìyẹn. Iṣẹ́jú 15 sí 20 ló ń gbà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á ní iṣẹ́jú méjì kó ní ó ti tán. Òun náà ní àléébù tiẹ̀ o, ẹni tó lo òògùn ibà lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ilà ṣì lè yọ fún un nígbà tí kòkòrò ti kú tán.

Ti tífọ́ọ̀dì yẹn ló dùn mí jù. Widal ni wọ́n ń pe àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún yín lẹ́yìn ọjà, orúkọ dókítà ará Faransé tó gbé e jáde ní 1896 ni. Kì í wá kòkòrò tífọ́ọ̀dì o, àpá ogun tí ara ti jà ló ń wá. Nílùú tí tífọ́ọ̀dì wọ́pọ̀ bíi tiwa, ẹni tó ti ṣe é rí, ẹni tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀, ẹni tí kòkòrò míì tó fara jọ ọ́ bá jà, gbogbo wọn lè gbé 1/160, ìyẹn ìwọ̀n àpá yẹn nínú ẹ̀jẹ̀, jáde nígbà tí ara wọn le koko. Àyẹ̀wò tó ṣeé gbára lé ni kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n gbìn ín sí làábù kí kòkòrò fúnra ẹ̀ hù jáde, ìyẹn ń gba ọjọ́ mélòó kan, ó sì gbówó lórí, ìdí nìyẹn tí kò fi sí lẹ́yìn ọjà. Mo ti tọ́jú obìnrin kan tó gba abẹ́rẹ́ tífọ́ọ̀dì ẹ̀ẹ̀mẹ́rin láàárín ọdún kan torí bébà Widal, ìgbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ìtọ̀ ṣúgà ló ń bá a fínra látọjọ́ yìí wá. Owó tó ti ná, mi ò lè kà á tán.

Ẹ bi mí pé ìyá ò mọ ibà mọ́ ni? Ìyá mọ̀ pé ara ọmọ òun gbóná, kò sí ẹ̀rọ tó lè bá a du ìyẹn. Ohun tó fà á ni ojú ò rí. Tí ara ẹ̀ bá ṣì gbóná títí di ọjọ́ kejì, ẹ gbé e padà lọ kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Tí kò bá lè mu ọmú tàbí omi, tó ń bì gbogbo ohun tó jẹ, tó ń mí fàlàfàlà, tí gìrì bá mú un, tàbí tó kàn ń sùn tí ẹ ò lè jí i, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́.

*Dókítà, gbogbo ìgbà lẹ ń pariwo ìwádìí. Agbo tí bàbá mi ń sè, tí bàbá wọn náà sè, ta ló ṣèwádìí ẹ̀? Ṣé kò ṣiṣẹ́ ni? — Alàgbà kan, Ìṣẹ́yìn*

Bàbá, ẹ kú àgbà o. Mi ò sọ pé kò ṣiṣẹ́. Artemisinin tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, inú ewé ló ti wá, ewé tí àwọn ará Ṣáínà ti ń lò fún ibà láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Ní 1967 ni ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí òògùn ibà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Tu Youyou sì lọ tú ìwé àwọn baba wọn wò, ó rí i kà pé omi tútù ni wọ́n fi ń rẹ ewé yẹn, wọ́n á wá fún un mu. Ló bá ronú pé iná tí àwọn fi ń sè é ló ń ba agbára ẹ̀ jẹ́, ó wá ọ̀nà yọ ọ́ láìlo ooru púpọ̀, òun fúnra ẹ̀ mu ún wò kí wọ́n tó fún aláìsàn. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn, Bàbá, kí àwọn ọmọ wa tó wà ní yunifásítì jókòó ti ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ewé, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n dán an wò, kí á mọ ìwọ̀n tó ń woni sàn àti ìwọ̀n tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ní báyìí ná, èyí tẹ́ ẹ bá ń mu, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ ọ́ fún dókítà yín, ẹ má fi pamọ́.

*Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọdún 9 rèé tí bàbá dókítà kan ti ń fún mi ní lisinopril fún ẹ̀jẹ̀ ríru, BP mi ò sọ̀kalẹ̀ sí 150 rí. Ọmọbìnrin dókítà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbẹ̀, ó fi amlodipine kún un, ó ní ìwádìí sọ pé tàwa dúdú yàtọ̀. Ọmọ yẹn ò ju ọmọ mi lọ. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Àbí àwa dúdú ni wọ́n ń fi ṣe ìdánwò? — Ọ̀gbẹ́ni K., Èkó*

Ọ̀gbẹ́ni K., ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ wo ohun tí ọmọ yẹn ṣe dáadáa: kò ju òògùn bàbá dókítà nù, ó fi òmíràn tì í lẹ́yìn ni.

Ìwádìí ńlá kan wà ní Amẹ́ríkà, ALLHAT, wọ́n gbé e jáde ní 2002, èèyàn tó lé ní 33,000 ló wà nínú ẹ̀, àwọn dúdú sì tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Àwọn dúdú tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lisinopril, rọpárọsẹ̀ ṣe wọ́n ju àwọn tí wọ́n fún ní òògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n dúdú Amẹ́ríkà nìyẹn, ẹlòmíì lè ní kì í ṣe àwa. Ó dáa, ìwádìí míì tí wọ́n ń pè ní CREOLE wá dé ní 2019. Dike Ojji ti Yunifásítì Àbújá ni orúkọ ẹ̀ ṣíwájú nínú ìwé ẹ̀, aláìsàn 728, gbogbo wọn ló dúdú, ilẹ̀ Áfíríkà mẹ́fà ni wọ́n ti wá, Nàìjíríà wà níbẹ̀, Kẹ́ńyà, Kamẹrúùnù, Uganda, Mòsáḿbíìkì, South Africa. Òògùn méjì-méjì ni wọ́n fún kálukú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn tí amlodipine wà nínú méjì tiwọn, BP wọn fi bíi pọ́ìǹtì 3 wálẹ̀ ju tàwọn tí kò sí nínú tiwọn lọ. Pọ́ìǹtì 3 lè dà bíi nǹkan tí ò tó nǹkan lójú yín, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi ká gbogbo àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru nílùú, ẹni tí ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ò ní rọ á pọ̀.

Ibi tó ti wá kan dókítà bíi tèmi nìyí. Ìwádìí yẹn ò ní kí n gba lisinopril lọ́wọ́ gbogbo dúdú. Tí ìtọ̀ ṣúgà bá ti ń kan kíndìnrín yín, tàbí tí ọkàn yín ò lágbára, mo ṣì fẹ́ irú òògùn yẹn lára yín. Tó bá wá jẹ́ pé ó ń fún yín ní ikọ́ gbígbẹ tí kì í lọ, ó sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan, ẹ sọ fún wọn, a óò wá míì. Tí ètè tàbí ahọ́n yín bá wú lójijì, ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ti pé wọ́n ń fi wá ṣe ìdánwò, ìbẹ̀rù yẹn nídìí, mi ò ní parọ́ fún yín. Ní Kánò ní 1996, nígbà àjàkálẹ̀ yírùnyírùn, ilé iṣẹ́ òògùn kan dán òògùn tuntun wò lára àwọn ọmọdé, àwọn òbí ní wọn ò sọ fáwọn pé ìdánwò ni, ọ̀rọ̀ ọ̀hún dé kóòtù. Ó yẹ kó máa dùn wá títí. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo èyí. Òògùn abẹ́rẹ́ artesunate tí à ń fún ọmọ tí ibà ti gbé ṣánlẹ̀, inú ìwádìí tí wọ́n ṣe fún ọmọ 5,425 nílẹ̀ Áfíríkà la ti mọ̀ pé ó ju kuínìn lọ, Ìlọrin wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é, ó jáde ní 2010. Nínú ọmọ 100 tó gba kuínìn, bíi 11 ló kú, nínú 100 tó gba artesunate, ó dín díẹ̀ ní 9. Tí kò bá sí ọmọ tiwa nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹlòmíì la ó máa fi ṣe òṣùwọ̀n fún tiwa. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá wọ ìwádìí lọ́la, ẹ ní kí wọ́n ka bébà yẹn fún yín lédè Yorùbá, ẹ bi wọ́n bóyá ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó irú ẹ̀ ti fọwọ́ sí i, ẹ sì mọ̀ pé ẹ lè ní ẹ ò ṣe mọ́ nígbàkigbà.

*Dókítà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, ara ẹ̀ gbóná ó sì rẹ̀ ẹ́ gan-an. A bẹ̀ wọ́n nílé ìwòsàn kí wọ́n da omi sínú iṣan ẹ̀ kíá, nọ́ọ̀sì ní rárá, díẹ̀díẹ̀ ni òun máa fi sí i. Ṣé torí a ò lówó ni? — Ọmọ́ladé, Iléṣà*

Rárá o, Ọmọ́ladé, kì í ṣe torí owó. Nọ́ọ̀sì yẹn mọ ohun tó ń ṣe.

Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ọmọ tí àrùn bá ti wọ̀ lára, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ tutù, kí á yára da omi púpọ̀ sínú iṣan ẹ̀. Ó bọ́gbọ́n mu lójú gbogbo wa. Àwọn kan wá lọ dán an wò ní Uganda, Kẹ́ńyà àti Tànsáníà, FEAST ni wọ́n pè é, ọmọ 3,141, ìwé ẹ̀ jáde ní 2011. Nínú ọmọ 100 tí wọn ò da omi kíákíá sí, bíi 7 ló kú láàárín wákàtí 48. Nínú 100 tí wọ́n da á sí, ó lé ní 10. Wọ́n ní kí wọ́n dá ìwádìí yẹn dúró kó tó parí. Ọjọ́ tí mo kà á, mi ò lè jẹun alẹ́. Torí èmi náà ti da omi sí irú ọmọ yẹn rí, mo sì rò pé mò ń gbà á là ni.

Kẹ́ ẹ má ṣì mí gbọ́ o: àwọn ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ti gba omi ara wọn kò sí nínú ìwádìí yẹn. Ti ìgbẹ́ gbuuru, omi ni ìtọ́jú ẹ̀, ORS lẹ́nu, ṣíbí ṣíbí, pẹ̀lú zinc, tó bá ti gbẹ jù ni omi iṣan á wọ̀ ọ́. Àìsàn méjì tó jọra lójú, ìtọ́jú wọn yàtọ̀.

*Dókítà, Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, Ìjẹ̀bú-Òde ni màmá mi ń gbé, wọ́n ti pé ọdún 84. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, orúnkún. Dókítà mẹ́ta ló ń tọ́jú wọn, òògùn mọ́kànlá ni. Láàárọ̀ wọ́n máa ń gbọ̀n, òógùn á bò wọ́n, òòyì á máa kọ́ wọn, wọ́n ti ṣubú ẹ̀ẹ̀mejì. Mo pe dókítà kọ̀ọ̀kan, kálukú ní ohun tí òun fún wọn bá ìwádìí mu. Báwo ni gbogbo wọn ṣe máa tọ̀nà kí màmá mi sì máa ṣubú? — Bísí*

Bísí, lẹ́tà tìẹ ni mo kà lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn tọ̀nà lóòótọ́, ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn. Ìwádìí sábà máa ń mú àìsàn kan ṣoṣo, ó máa ń yan àwọn tí kò ní àìsàn míì tó le kí ìṣirò má bàa dàrú. Màmá ẹ ní mẹ́ta. Ẹni bíi tiwọn, wọn kì í sábà jẹ́ kó wọlé.

Wo HYVET, 2008, èèyàn 3,845 tó ti pé 80 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwádìí tó dáa ni, ó fi hàn pé títọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru arúgbó ń dín ikú kù, èmi náà ń tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń lé BP dé níbẹ̀ ni 150 lórí 80, kì í ṣe 120, ẹni tí tiẹ̀ bá sì lọ sísàlẹ̀ 140 tó bá dìde dúró, wọn ò gbà á síbẹ̀ rárá. Ti ìtọ̀ ṣúgà náà, ACCORD, 2008 kan náà, èèyàn 10,251: àwọn tí wọ́n fipá lé ṣúgà wọn sísàlẹ̀ gan-an, 257 ló kú, nínú àwọn tí wọ́n ṣe é ní ìwọ̀nba, 203, ni wọ́n bá dá ìfipá lé yẹn dúró. Àwọn yẹn ò sì tíì dàgbà tó màmá ẹ o, wọ́n jẹ́ bí ọmọ ọdún 62.

Torí náà gbígbọ̀n àárọ̀ yẹn, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ṣúgà wọn ń já wálẹ̀ jù. Bi wọ́n bóyá Daonil wà nínú mọ́kànlá yẹn, glibenclamide ni, ó máa ń pẹ́ lára arúgbó, pàápàá tí kíndìnrín bá ti ń rẹ̀, tí wọn ò sì jẹun alẹ́ dáadáa. Kí ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn wọn ṣúgà wọn nígbà tí gbígbọ̀n yẹn ń lọ lọ́wọ́. Tó bá wà nísàlẹ̀ 70 lórí ẹ̀rọ tó ń kà á ní mg/dL, kó fún wọn ní ṣúgà pò mọ́ omi lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tún un wọ̀n lẹ́yìn iṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà kí wọ́n jẹun. Tí kò bá sí ẹ̀rọ nílé, kó fún wọn bẹ́ẹ̀ náà. Tí wọn ò bá lè gbé nǹkan mì, kó má rọ nǹkan sí wọn lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni. Diclofenac tí wọ́n ń lò fún orúnkún náà, tó bá wà níbẹ̀, ó ń gbé BP sókè, ó sì ń da kíndìnrín láàmú, dókítà kan á wá fi òògùn BP lé e kiri.

Wá dókítà kan ṣoṣo, ẹni tó ń wo gbogbo ara. Kí wọ́n kó gbogbo òògùn ilé sínú nylon, ti kẹ́mísìtì, ti agbo, ti èyí tí ọ̀rẹ́ fún wọn, kí wọ́n dà á sórí tábìlì ẹ̀. Bàbá kan da tiwọn sílẹ̀ níwájú mi bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, sáṣẹ́ẹ̀tì fàdákà, sáṣẹ́ẹ̀tì pupa, a ń tò ó ní méjì-méjì, ìgbà tí a máa rí i, amlodipine kan náà ni wọ́n ń lò ní orúkọ méjì, ọsibítù méjì ló kọ ọ́ fún wọn. Kí dókítà yẹn wọn BP màmá ní ìjókòó, kó tún wọ̀n ọ́n ní ìdúró. Kó wá máa yọ òògùn kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ìwọ náà má ní kí wọ́n dá gbogbo ẹ̀ dúró láti orí fóònù o.

Àwọn tó dá ọ̀nà ìṣègùn tó ń gbára lé ìwádìí yìí sílẹ̀ gan-an, David Sackett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, kọ ọ́ ní 1996 pé ẹ̀rí inú ìwé nìkan ò tó, kí a pa á pọ̀ mọ́ ìrírí dókítà àti ohun tí aláìsàn fúnra ẹ̀ fẹ́. Nínú gbogbo lẹ́tà ẹ, n kò rí ibi tí ẹnì kankan ti bi màmá pé kí ni wọ́n fẹ́. Fóònù wà lọ́wọ́ ẹ, pè wọ́n lálẹ́ yìí, má bi wọ́n ní ti òògùn, bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa fẹ́ tún lè ṣe fúnra wọn, bóyá láti rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni o, bóyá láti dìde lóru lọ tọ̀ láìdi ògiri mú. Kọ ìdáhùn wọn sórí bébà, kí ẹni tó ń mú wọn lọ fi sí orí nylon òògùn yẹn, kí dókítà kọ́kọ́ ka ìyẹn. Tí gbígbọ̀n yẹn bá tún wáyé lọ́la, kí wọ́n má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún wọn, kí wọ́n gbé wọn lọ lọ́jọ́ náà.